Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Fi Ń Fọ́nnu

Ẹ má tíì bọ́ kóòtù, Ẹ̀gbọ́n Kostadin, ẹ máa jáde padà. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí lábúlé yìí báyìí? Rangel Bàbá Oníná. Kí n má purọ́, èmi ni mo fún ara mi.

Ẹ ṣáà mọ ẹ́ńjìnnì tí mo rà, èyí tó ń lo gáàsì ìgbẹ́ màlúù, tó ń yí mọ́tò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fún wa níná. Àtìgbà tí mo ti gbé e dé, ta ni mo jẹ́ kó sinmi nílé ọtí? Màlúù mi ń yàgbẹ́, ilé mi ń mọ́lẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi iná ìjọba ṣe? Bẹ́ẹ̀ ẹni tó tà á fún mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: "Bọ̀ọ̀dá, mọ́tò yìí ò lè dá ṣe é o. Ó gbọ́dọ̀ rí iná díẹ̀ gbà lára wáyà ìta kó tó lè pèsè tirẹ̀. Bí tìta bá lọ, tiyín náà lọ nìyẹn." Mo ń mi orí bí alángbá. Kí ni mo gbọ́? Ìròyìn tí mo máa lọ rò nílé ọtí ni mo ń tò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn òṣìṣẹ́ iná dé, Velko àna yín ló ṣáájú wọn. Wọ́n ní òpó iná ẹ̀yìnkùlé mi ti jẹrà, àwọn fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀. Ta ló lé wọn? Èmi náà ni. Mo ní kí wọ́n má tẹ koríko mi mọ́lẹ̀, mo ní ẹni tó ní kànga kì í tọrọ omi. Velko gbé àkàbà ẹ̀ sọ́kọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, òjò dídì pọ̀ lórí wáyà, òpó wó. Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ tan ẹ́ńjìnnì. Ó ké, ilẹ̀ ń mì, gílóòbù kan ò tàn. Ẹ̀rọ tá a fi ń fún wàrà dákẹ́ rọ́rọ́. Ogójì màlúù, ọmú wọn le bí òkúta, wọ́n ń ké, Nedyalka ìyàwó mi ń wò mí. Kò bú mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ká apá aṣọ ẹ̀ sókè, ó fa garawa, ó ní, "Bàbá Oníná, ìwọ bẹ̀rẹ̀ láti òpin ọ̀hún."

Ọjọ́ kẹta rèé tá a ti ń fọwọ́ fún wàrà, àwọn obìnrin àdúgbò ń bá wa ṣe é, wọ́n ń kí mi bí ẹni tí òfò ṣẹ̀. Ẹ wo ìka mi, ṣé ó ṣeé ká? Ọmú màlúù méjì ti wú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ sì ń rín in. Ó dáa, ẹ rín in tán.

Mo pe Velko lórí fóònù. Ó ní òun á wá, àmọ́ kí n kọ́kọ́ bi koríko mi bóyá ó gbà. Torí náà, ẹ dìde. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kò lè tilẹ̀kùn mọ́ yín. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Bó bá wù ú, kó ri òpó ọ̀hún sí àárín pálọ̀ mi, màá máa fi fìlà mi kọ́ sára ẹ̀.