Oúnjẹ Ìyàwó Mi Ni Mo Ń Sá Fún

Ẹni tó bá mọ̀ pé èémí tó wà nímú òun, òun kọ́ ló rà á lọ́jà, kó bá mi ké Halelúyà! Mo ní kí ẹ ké e kí àwọn ará Mẹ́rínà gbọ́! Ògo ni fún Ọba tó yọ mí nínú ọ̀fìn tí mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́!

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, n ò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ ro yín.

Èmi ni Jóṣúà, ọmọ Iléṣà, ẹni tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Bàbá Bísí Télọ̀. Ìsàlẹ̀ Gángan ni mò ń gbé, nínú ilé Alhaja Sábítíyù. Iwájú ilé yẹn náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ṣòkòtò bóńgò tí ẹnu rẹ̀ ń gbálẹ̀ káàkiri Tinúbú, ẹ má fojú pamọ́ fún mi, èmi ni mo rán an!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbé ayé mi tẹ́lẹ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀, máṣíìnì ni mo kọ́kọ́ ń kí. N kì í fẹnu kan nǹkan kan títí oòrùn á fi kọjá àtàrí. Nígbà tí ebi bá wá ń yí mi lójú, mo máa ń ra búrẹ́dì àti mínírà méjì, kí n fi gúgúrú oníyọ̀ lé e. Ó di alẹ́ kí n tó jẹ ẹ̀bà, ẹ̀bà bí òkè Olúmọ, pẹ̀lú ẹran díndín. Mo sì tún máa ń bu iyọ̀ sí i lórí. Ìyàwó mi á ní, "Bàbá Bísí, ẹ ò tíì tọ́ ọ wò tí ẹ ti ń bu iyọ̀." Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Ẹnu mi mọ ohun tó fẹ́."

Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá gbé aṣọ wá, mo gbà á. "Télọ̀, ọjọ́ wo ni kí n wá?" "Ẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì." Gbogbo Èkó ni mo ní kó wá lọ́jọ́ Ẹtì! Akọ̀wé báńkì kan wá di mí lọ́rùn aṣọ mú lójú gbogbo àdúgbò, torí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ti kọjá kí n tó gé aṣọ ọkọ ìyàwó. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà.

Ìgbà yẹn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Láti ìpàkọ́ ló ti ń wá, bí ẹni ń fi òòlù lu páànù. Ojú mi á ṣú, abẹ́rẹ́ kan á di méjì. Àyà mi á máa lù kìkì. Kí ni mo sọ? Mo ní ayé ni! Mo fura sí akọ̀wé báńkì. Mo fura sí télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, torí ó kí mi "ẹ káàárọ̀" lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí ló fẹ́ fi èkejì ṣe?

Ìyàwó mi ló bẹ̀ mí títí a fi lọ rí dókítà. Ọkùnrin náà we aṣọ kan mọ́ mi lápá, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, bàbá. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ máa jẹun lásìkò, ẹ máa sinmi, ẹ sì máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa ṣubú lọ́jọ́ kan."

Mo wò ó. Mo ní, "Dókítà, ta ló rán yín sí mi?"

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ o. Bàbá mi ṣubú lóko, kò dìde mọ́. Gbogbo ilé wa ló gbà pé àwọn kan ló ṣe é, títí dòní a ò kí ilé kejì sí tiwa. Bí mo bá wá gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí wa, kí ni kí n sọ nípa àwọn tí a ti bá jà láti ọdún yìí wá?

Mo ju oògùn náà sí gọ́tà. Mo kìlọ̀ fún ìyàwó mi: "N ò fẹ́ gbọ́ orúkọ àìsàn yẹn nínú ilé mi mọ́. Bí o bá pè é, ìwọ lo pè é wá." Ó wò mí, ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá Bísí."

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni oúnjẹ ilé mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ọbẹ̀ tẹ́. Ẹran díndín di ẹja bíbọ̀. Ẹ̀bà ń kéré sí i, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ń kún àwo bí ẹni ń bọ́ ewúrẹ́. Ike iyọ̀ tó ń wà lórí tábìlì pòórá. Ọbẹ̀ sì ní òórùn kan tí n ò mọ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀.

Mo bi í, "Kí lo fi sí ọbẹ̀ yìí?"

Ó ní, "Ọbẹ̀ ni, Bàbá Bísí. Ẹ jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin ará, èwo ni "ọbẹ̀ ni"? Ṣé bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè nìyẹn?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, òun àti Alhaja ń fọṣọ lẹ́yìn ilé, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo gbọ́ tí Alhaja ní, "Ṣé kò tíì fura?" Ìyàwó mi ní, "Kò tíì mọ̀." Alhaja ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa ṣe é. Inṣá Àláhù, kó tó mọ̀, ó ti bọ́ sí i."

Mo lẹ̀ mọ́ ògiri bí aláǹgbá! Nígbà tí mo fẹ́ gbé ìyàwó mi níyàwó, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti sọ fún mi pé, "Jóṣúà, Ìjẹ̀bú lo fẹ́ mú wálé? Ojú kan ni wàá máa fi sùn." Mo fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lẹ́yìn ògiri yẹn, ẹ̀rín ò wá sí mi lẹ́nu.

Mo mú ọgbọ́n dá. Alhaja ní àkùkọ kan. Bí ìyàwó mi bá gbé oúnjẹ wá, mo máa ń kọ́kọ́ bù fún àkùkọ náà, kí n dúró wò ó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Àkùkọ kò kú! Ńṣe ló sanra, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń dán. Alhaja ń kí mi, "Bàbá Bísí, ẹ ṣé o, ẹ láàánú ẹran." Ǹjẹ́ ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn? Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní oògùn tí wọ́n ṣe fún èèyàn kò lè mú adìẹ.

Mo tún rí i pé láràárọ̀ Ọjọ́rú ló ń jáde láì sọ ibi tó ń lọ. Mo tẹ̀ lé e. Ọjà Sandgrouse ló gbà lọ. Ó ra ẹ̀fọ́, ó ra ọsàn, ó wá yà sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀. Ìyá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fún un ní ìyẹ̀fun dúdú kan tí wọ́n pọ́n sínú bébà. Mo fi ojú mi rí i! Ó dì í sí ìdí ìró.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ yẹn tó lọ pọnmi, mo tú ẹrù rẹ̀. N ò rí ìyẹ̀fun. Ìwé kékeré kan ni mo rí, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Mo ṣí i. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọjọ́ Ajé. Kò jẹun àárọ̀. Aago mẹ́rin ọ̀sán, búrẹ́dì. Orí fọ́ ọ." "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó jẹ ẹ̀wà láàárọ̀. Orí kò fọ́ ọ." Ojú ìwé lórí ojú ìwé. Mo pa ìwé náà dé. Mo ní obìnrin yìí ń ka ọjọ́ mi! Mo ní ó ń kọ ibi tí iṣẹ́ dé ránṣẹ́ sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́!

Láti ọjọ́ náà, n ò jẹ oúnjẹ ilé mọ́. Òde ni mo ń jẹ: àkàrà, ẹran díndín, gúgúrú, mínírà, ìgbà tó bá wù mí. Ẹnu mi dùn. Ṣùgbọ́n orí mi! Orí fífọ́ di ojoojúmọ́, ẹsẹ̀ mi wú. Mo ní, "Ẹ ò rí i? Ohun tí mo ti jẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń jà nínú mi."

Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi láti Iléṣà. Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀sán Sátidé kan ni gbogbo wa jókòó sí pálọ̀, mo pe Alhaja náà wọlé, torí mo fẹ́ mú àwọn méjèèjì pa pọ̀. Mo sọ ọ́, mo sọ ọ́. Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi kò sunkún. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé bébà náà jáde, ó tú ìyẹ̀fun náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó dà á sẹ́nu lójú wa. Ó wá na ìyókù sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ gbà, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ẹ̀gbọ́n mi gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ahọ́n kan án. Ó ní, "Jóṣúà, ìyèré ni. Ìyèré àti ẹfinrin gbígbẹ ni."

Alhaja ní, "Èmi ni mo júwe rẹ̀ fún un. Dókítà ní kó dín iyọ̀ kù, ọkọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ pe orúkọ àìsàn. Kí ni kó ṣe? Kó máa wò ó títí yóò fi kú?"

Ṣé ẹ rò pé mo gbà? Mo dìde láti pariwo. Mo fẹ́ sọ pé wọ́n ti jọ mọ̀ ọ́n ni. Ahọ́n mi lọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi, ọwọ́ tí mo fi ń di sísọ́ọ̀sì mú, kú mọ́ mi lára. Mo rí i tí ilẹ̀ ń bọ̀ wá pàdé mi.

Olúwa o ṣeun! Mo ní Olúwa o ṣeun! Torí ibẹ̀ ni bàbá mi parí sí, ibẹ̀ kọ́ ni mo parí sí!

Dókítà tí mo fura sí lọ́jọ́sí náà ló gbà mí. Ìyàwó mi gbé ìwé kékeré yẹn fún un. Ó kà á títí dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, ó wá yíjú sí àwọn ẹ̀gbọ́n wa. Mo ń gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ìgbà tó ń jẹun nílé, orí rẹ̀ ń fúyẹ́ bọ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń sá fún oúnjẹ ilé, kò sí ọjọ́ kan tí orí rẹ̀ kò fọ́. Obìnrin yìí ló ń mú un wà láàyè."

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Dókítà, ṣé irú èyí lè mú èèyàn lóko, kó ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ó ní, "Ó lè mú un. Ó sì máa ń wà nínú ẹbí."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

N ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ìfura mi kò lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ògì wá, mo ní kó kọ́kọ́ mu ún. Ó mu ún! Ó ní, "Bàbá, ó ti tó, àbí kí n mu ún tán?"

Ọwọ́ mi padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi fi aago ara ògiri kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó fọwọ́ kan máṣíìnì, mo ti jẹ ẹ̀wà tàbí mo ti mu ògì, mo sì ti lo oògùn dókítà. Bí aago kan bá lù ní ọ̀sán, mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo jẹun. Nígbà tí aago márùn-ún bá lù, mo ti ìlẹ̀kùn, mo rìn lọ sí Mẹ́rínà, mo rìn padà. Iye aṣọ tí ọwọ́ mi lè rán lọ́sẹ̀ ni mo ń gbà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, mo ń sọ fún un pé, "Ẹ máa bínú, ọ̀sẹ̀ yìí ti kún." Mo rò pé iṣẹ́ á sá lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń fura sí mi, wọ́n ní télọ̀ tó ń ti ṣọ́ọ̀bù lójúmọmọ, ó ti ní ibòmíràn tó ti ń rí owó! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ní Ẹtì, Ẹtì ni. Akọ̀wé báńkì yẹn tún ti gbé aṣọ ìkómọ wá fún mi. Ó gbà á ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ! Ẹ yin Olúwa!

A tún ti padà sí Iléṣà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. A wọ ilé kejì sí tiwa, a dọ̀bálẹ̀. Ìyá tó wà níbẹ̀ ti darúgbó. Ó ní, "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé." Ó gún iyán fún wa.

Ẹ̀yin tí orí ń fọ́ láàárín wa, tí ẹ ń wo ojú ará ilé yín láti mọ ẹni tó ṣe é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ bi ẹni náà lójúkojú, ẹ má dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi kò tíì di etí.

Ìyá Bísí, dìde. Jẹ́ kí wọ́n rí ọ. Níwájú gbogbo ìjọ, mo ní kí o má bínú sí mi.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fi í fún mi. Títí dòní, bó bá gbé àwo síwájú mi, mo ṣì máa ń wo inú ọbẹ̀ náà dáadáa. Òun náà á dúró, á máa wò mí. Lẹ́yìn náà, màá gé òkèlè, màá jẹun.