Ìkòkò Onílà Tí Jọmílójú Mọ

Láyé ọjọ́un, nígbà tí ilé wa yìí kò ju abà mẹ́ta lọ létí òkun, ìyá ńlá wa kan wà tó ń jẹ́ Jọmílójú. Amọ̀kòkò ni. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ ìyá yín ni mo ń sọ.

Lọ́dún kan, òkun kún, ó kún, ó ya wọ inú kànga. Omi gbogbo di iyọ̀. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi òkun kì í pa òùngbẹ. Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, mu nínú rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Omi òjò nìkan ló kù, òjò sì ti fẹ́ dá. Kí ni wọn yóò fi gba omi òjò náà? Jọmílójú mọ ìkòkò, ó sun ún, ó sán. Ó tún mọ òmíràn, ó tún sun ún, ó tún sán.

Orímisan ọkọ rẹ̀ ní, “Ìyá Ìbídùn, mo ti di ẹrù sínú ọkọ̀. Bí òjò tó ń bọ̀ yìí bá tún rọ̀ dànù, a ó ṣí lọ.”

“Ọmọ yìí kò ní lè dé ibi tí à ń lọ, Bàbá Ìbídùn.”

Ọkùnrin náà padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Jọmílójú bọ́ sétí òkun, ó ń sunkún. Ẹ sì mọ̀ pé ojú kì í sunkún kó má ríran. Ó rí ìkarahun kan tí ìgbì ń gbá, tó tún ń gbá, tí kò fọ́. Ó mú un, ó fọwọ́ tọ ìlà ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣa àwọn mìíràn kún agbọ̀n, ó gún wọn kúnná, ó pò wọ́n mọ́ amọ̀. Ó mọ ìkòkò ńlá, ó fa ìlà sí i lára bíi ti ìkarahun náà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ mi orí. “Ohun inú òkun lo pò mọ́ amọ̀ yẹn. Ṣé iyọ̀ lo tún fẹ́ fún ọmọ mu?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Síbẹ̀, ó dáná yí ìkòkò ká, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, òjò ń ṣú. Ó ń tẹ́tí bóyá yóò gbọ́ “pá”. Kò gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn pàápàá tún ń já a láyà. Iná kú, ìkòkò kò sán. Òjò dé, ìkòkò kún, kò jò.

Orímisan bu omi fún ọmọ. Jọmílójú gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu.”

Ó mu, kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀, ó tún mu. Lẹ́yìn náà ló gbé e sí Ìbídùn lẹ́nu. Orímisan jáde lọ tú ẹrù inú ọkọ̀.

Ìdí nìyí tí abiyamọ kankan nílé wa kì í fún ọmọ lómi láì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìyá mi tọ́ ọ wò fún mi. Èmi náà tọ́ ọ wò fún àwọn bàbá yín.