Bí A Ṣe Tọ́jú Ẹyẹ Erékùṣù

Nígbà tí èmi náà ṣì wà lọ́mọge, ẹ̀yin ọmọ mi, Onígbòǹgbò là ń gbé. Allen tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn kiri yẹn, ta ló mọ̀ ọ́n nígbà yẹn? Oko ẹ̀gẹ́ ni! Ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sí Ìkẹjà ni, bàbá mi sì ni fóòmáànù ní ọ̀kan nínú wọn. Tí wọ́n bá ń kọjá, àwọn èèyàn á dìde kí wọn.

Ẹ gbọ́... Ọ̀gá òyìnbó wọn fẹ́ràn ẹyẹ. Bàbá mi ni wọ́n mú un lọ bá àwọn ẹbí wa apẹja létí ọ̀sà, tí wọ́n fi erékùṣù kékeré kan hàn án, níbi tí àwọn ẹyẹ ọ̀sà funfun máa ń yé sí. Wọ́n pọ̀! Tí ọkọ̀ bá sún mọ́ ibẹ̀, wọ́n á bo ojú ọ̀run.

Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé ilé iṣẹ́ gun kẹ̀kẹ́ wá sílé wa. Ó ní, "Bàbá, ọ̀gá ní kí ẹ bá àwọn tọ́jú àwọn ẹyẹ erékùṣù yẹn o. Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Bàbá mi ní, "Ṣé ọ̀gá nìkan ló ń bọ̀?"

"Rárá o, wọ́n ń mú àlejò bọ̀."

"Kò burú. A máa tọ́jú wọn."

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Tọ́jú! Tí àlejò bá ń bọ̀, tí wọ́n ní kí o tọ́jú adìẹ, ṣé àgbàdo lo máa dà sílẹ̀ fún un ni? Ìyá mi lọ ata. Àwọn ẹbí wa wọ ọkọ̀, wọ́n lọ kó ẹyẹ wá, apẹ̀rẹ̀ kún. Ọwọ́ mi yìí wà níbi tí a ti ń tu ìyẹ́ wọn. Ẹyin wọn pàápàá, a sè é.

Sátidé pé. Òyìnbó àti àlejò rẹ̀ dé, wọ́n gbé àwòrán ẹyẹ ràgàjì dání. Wọ́n fẹ́ fi kọ́ gbogbo àdúgbò pé kí a má ṣe pa wọ́n mọ́... Àwa ò kúkú mọ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n gbé abọ́ síwájú wọn. Òyìnbó jẹ ẹ́. Ó ní ó dùn. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé, tó ń ṣe ògbufọ̀ wọn, pé àwọn ẹyẹ òun ńkọ́.

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí abọ́. "A ti tọ́jú wọn, sà! Dáadáa la tọ́jú wọn."

Akọ̀wé ò lè túmọ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, "Kí ẹ máa ṣọ́ wọn ni ọ̀gá ní o!" Òyìnbó wo ọwọ́ bàbá mi, ó wo egungun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì rọra gbé e sílẹ̀. Kò bú wa. Ká ní ó bú wa ni, ojú ì bá má tì wá tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi, tí àwọn èèyàn ń dìde kí, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo àdúgbò. Mo fi gèlè bo ojú. Ojú tì mí, ẹ̀yin ọmọ. Ó ṣì ń tì mí títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Láti ọjọ́ náà, tí àsìkò ìyẹ́yin bá ti tó, bàbá mi á wọ ọkọ̀ lọ wo erékùṣù. Iyanrìn lásán ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀, ẹyẹ ò padà wá mọ́. Tí bàbá mi bá padà dé, wọ́n á ní, "Kò sí bí mo ṣe lè bẹ ẹyẹ."

Ọ̀sà ọ̀hún ńkọ́ lónìí? Wọ́n ti fi yanrìn dí i, wọ́n ti kọ́lé lé e. Lánàá ni mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan fẹ́ tọ́jú ìwọ̀nba ọ̀sà tó kù. Àyà mi já. Hùn... Ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun tọ́jú nǹkan, ẹ kọ́kọ́ bi í: ṣé láàyè ni, àbí nínú ìkòkò?