Ilé Tí Bámgbélú Kọ́ sí Etídò

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ìlú yìí kò tíì ju àdúgbò mẹ́ta lọ, Etídò ni Bámgbélú baba ńlá wa ń gbé. Amọ̀ lásán ni wọ́n fi ń mọ ilé níbẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, odò a kún, ògiri a yọ́, ilé a wó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé Bámgbélú wó. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ló pa ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wá lóyún, ó ní òun kò ní bímọ sábẹ́ ògiri tó ń yọ́ bí iyọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Bámgbélú lára. Ó dìde, ó ń wo ilé káàkiri ìlú.

Ó gun Òkè Àpáta. Òkúta ni ìpìlẹ̀ ilé àwọn ará ibẹ̀, omi kò lè mú un. Ṣùgbọ́n inú ilé há, àwọn obìnrin sì ń ru omi gun òkè títí ọrùn fi ń dùn wọ́n. Ó lọ sí Ìsàlẹ̀-Ọjà. Agbo ilé ńlá ló wà níbẹ̀, ìyàrá yí àgbàlá ká, ó fẹ̀, ó tutù. Àmọ́ òrùlé koríko fara kanra. Bí iná bá mú ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ló ń jó. Ṣé ẹ rí i? Kò sí ilé tí kò ní àléébù tirẹ̀.

Ni Bámgbélú bá ń ru òkúta láti òkè wá sí Etídò. Ó rù ú lónìí, ó rù ú lọ́la, ó rù ú títí àtàrí rẹ̀ fi pá. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Àwọn ará àdúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó fẹ́ kó òkè wá sínú odò. Ó fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀ tó ga dé ìbàdí, ó mọ amọ̀ lé e, ó fi àgbàlá sí àárín, ó sì jẹ́ kí òrùlé rẹ̀ jìnnà sí ti aládùúgbò.

Òjò dé, ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ilé ń wó ní Etídò. Àwọn tó rẹ́rìn-ín gbé ọmọ wọn pọ̀n, wọ́n sá wá sí ilé Bámgbélú. Ọdẹ́wálé, tó rẹ́rìn-ín jù, dúró sínú òjò. Ojú ń tì í láti wọlé.

Bámgbélú ní, "Wọlé. Ẹ̀rín kì í wó ilé."

Àwẹ̀ró ń rọbí ní ìyẹ̀wù. Bámgbélú gbé ọwọ́ lé ògiri, kò gbé e kúrò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, odò fà sẹ́yìn. Kò dé ibi tí amọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́ igbe ọmọ. Bámgbélú jókòó sílẹ̀, ó sunkún, ara tù ú. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ilésanmí.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń kọ́lé nínú ìdílé wa, gbogbo wa la ń ru òkúta kọ̀ọ̀kan lọ fún un. Bí òjò bá sì ń rọ̀, a kì í ti ilẹ̀kùn.

Ẹ gbọ́ ààrá yẹn? Ẹni tó wà létí ilẹ̀kùn, yọ ìdábùú rẹ̀.