Ọkọ Mi Bọ́ sí Ipò Bàbá, Èmi Ni Mo Pàdánù Bàbá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ǹjẹ́ ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí pé ohun tí ẹ ti ń fi omijé bẹ Ọlọ́run fún tẹ̀ yín lọ́wọ́, tí ọkàn yín sì tún wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ? Ibi tí mo wà nìyẹn. Mo wà nílé ọkọ, ọmọ méjì wà lọ́rùn mi, èyí àbúrò kò tíì já lẹ́nu ọmú, ilé tí a sì ń gbé dára ju èyí tí mo rò pé mo lè gbé láyé mi lọ. Síbẹ̀, bí ọkọ mi bá ń jẹun níwájú mi, ńṣe ni mò ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò tí a kò mọ ibi tó ti wá. Mo kọ́ ìwé díẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà tí ìjọ wa ń ṣe nírọ̀lẹ́, mo wá ní kí n fúnra mi kọ ọ́, torí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Bìní yìí tí ọ̀rọ̀ náà kò ní dé pápá bọ́ọ̀lù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó jẹ́ ti ìjọba Bendel ni ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́. Igbákejì jẹ́nẹ́rà mánéjà ni. Ọ̀gá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ọmọ Bìní ni, ṣùgbọ́n ó gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí ló ti ń darí ẹgbẹ́ náà. Òun ló ń tọ́ ọbẹ̀ àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù wò kí wọ́n tó jẹun lọ́jọ́ ìdíje, òun ló ń jókòó lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà bí bọ́ọ̀sì bá ń lọ sọ́nà jíjìn, kò sì ní fojú ba oorun títí wọn yóò fi dé. Kọ́ọ̀ṣì ń wá, kọ́ọ̀ṣì ń lọ, Bàbá ń bẹ níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí à ń pè ní Ìyẹ bí àwọn Bìní ṣe ń pe ìyá, ló wẹ àkọ́bí mi nígbà tí ara màmá mi kò yá láti wá. Inú ọgbà kan náà la jọ ń gbé: ilé ńlá iwájú ni tiwọn, yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ni tiwa. Ẹgbẹ́ ló ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n la ohun kan yé ẹni tí kò bá mọ Bìní. Nílùú yìí, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni òwúrọ̀ tirẹ̀. Ọmọ á kúnlẹ̀, á fi ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ ti agbo ilé rẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á mọ ilé tó ti jáde. Wọn kì í fi í fún àlejò. Lọ́jọ́ kejì tí a sọ ọmọ wa lórúkọ, Bàbá pè mí, ó ní, "Ìwọ ọmọ Yorùbá yìí, 'ẹ káàárọ̀ sà' rẹ ti sú mi. Àwọn tí mo bí wà l'Ékòó, ẹnikẹ́ni ò kí mi. Wá gba tèmi." Ó fi kọ́ mi. N kò ní kọ ọ́ síbí, torí kì í ṣe tèmi láti pín. Bàbá tó bí mi ti kú kí n tó lè dá ojú rẹ̀ mọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ tí Bàbá wà nílé tí n kò kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí mo bá pẹ́, á ké sí mi láti ojú fèrèsé pé, "Ṣé ọmọ mi ti wá bàbá mìíràn lọ ni?"

Nígbà tó yá, wọ́n yan kọmíṣánnà tuntun fún eré ìdárayá. Ẹgbẹ́ kò gba ife lọ́dún yẹn, ìgbìmọ̀ tuntun tí kọmíṣánnà gbé ka orí ẹgbẹ́ sì ń sọ pé Bàbá ti pẹ́ jù, pé bọ́ọ̀lù ti kúrò ní ti àwọn arúgbó. A rò pé ẹnu lásán ni. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mò ń fọ aṣọ ọmọ, Ìyẹ ń gé ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, rédíò sì wà láàárín wa. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé wọ́n ti yọ Bàbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pé ọkọ mi ló bọ́ sí ipò rẹ̀. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Ìyẹ. Ó wò mí, ó wo rédíò, ó tún wò mí. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo tẹ̀ lé e wọ yàrá.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Mo ti mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí a tó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Jọ́ọ̀sì. Kọmíṣánnà ní bí mo bá la ẹnu báyìí, ẹlòmíràn làwọn máa fún. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fún ẹlòmíràn ni?"

Kí wọ́n tó lọ sí Jọ́ọ̀sì! Wọ́n ti lọ, wọ́n ti dé, wọ́n ti tún gbá bọ́ọ̀lù nílé lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń kúnlẹ̀ fún Bàbá láràárọ̀ ní gbogbo àkókò náà. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀, mo kí i bí a ti ń kí i. Bàbá wò mí pẹ́, ó ní, "Good morning, madam." Kò bá mi sọ gẹ̀ẹ́sì rí. Ó gbà pé mo ti mọ̀, pé mo kàn ń fi ìkíni ilé bàbá rẹ̀ bo ojú rẹ̀ ni. Ta ni kò ní gbà bẹ́ẹ̀? Ta ló máa gbọ́ pé ọkùnrin kò sọ irú èyí fún ìyàwó tó ń sùn tì í?

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, àwọn ará ìjọ wa dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú orin àti ìlù, wọ́n wá bá wa yọ̀. Yorùbá kì í lé ẹni tó wá báni yọ̀. Mo fún wọn ní omi, mo wá nǹkan sí wọn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni Ìyẹ ń kó agbada àti ìkòkò kọjá níwájú wa sínú ọkọ̀, torí wọ́n ti ní kí òun àti Bàbá kó kúrò nínú ilé ẹgbẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ náà gbéra, Ìyẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ẹ kú orí ire o." Ó ti wẹ ọmọ mi rí, ó ti pọ̀n ọ́n rí, ó wá ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

A kó lọ sílé iwájú. Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kò fẹ́ràn ọkọ mi. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n fi tipá mú. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn nà wá nílé, wọ́n nà wá lájò. Àwọn òǹwòran ń ju ọsàn tí wọ́n ti fà mu lù ú, wọ́n ń pariwo pé, "Bring Papa back! Who send you?" Àkọ́bí mi gbọ́ ọ nílé ìwé, ó wá ń bi mí pé, "Mummy, dem go pursue Daddy?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi gbé ṣíbí sílẹ̀ lórí oúnjẹ. Ó ní ìgbìmọ̀ ti ń wojú ẹlòmíràn, pé bí Bàbá kò bá bá òun bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀, a ó kó jáde. Ó ní, "Lọ bá a láàárọ̀. Fi ìkíni yẹn kí i. Kò lè kọ̀ fún ọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo pọn ọmọ, mo gba àdúgbò Ogbe lọ, níbi tí ilé ẹbí Bàbá wà. Mo bá a pẹ̀lú Ìyẹ, wọ́n jọ ń pa ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀. Ìkíni náà dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Bàbá ní, "Òun ló rán ọ?"

"Òun ni, sà."

"Ó ní kí o fi tiwa kí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí o kò fi tiwa kí mi?"

"Torí pé ó rán mi ni."

Kò pa ẹ̀gúsí mọ́. "Nígbà tí rédíò kò tíì sọ ọ́, tí ò ń kí mi láràárọ̀, ṣé o mọ̀?"

"N kò mọ̀, Bàbá. Mo fi ọmọ ẹ̀yìn mi yìí..."

"Má fi ọmọ búra." Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́. "Mo gbà ọ́ gbọ́."

Mo bú sẹ́kún. Ohun tí mo ń tọrọ láti ìgbà náà nìyẹn. Ìyẹ dìde, ó tú ọmọ kúrò lẹ́yìn mi, ó gbé e mọ́ra. Ṣùgbọ́n Bàbá kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó wá dùn mí fún ọ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi, ọ̀gá rẹ̀ ni mo jẹ́. Wọ́n máa ń fi irú èyí pamọ́ fún ọ̀gá. Ìwọ ńkọ́? Ó jẹ oúnjẹ rẹ, ó wò ọ́ bí o ṣe ń jáde lọ kúnlẹ̀ fún mi, kò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún ọ." Ó ní kí n sọ fún ọkọ mi pé wọn kò jẹ́ kí òun dágbére fún àwọn ọmọ náà, ẹni tí kò dágbére kò ní ojú tí yóò fi padà wọlé.

Mo délé. Ọkọ mi dìde pàdé mi. "Ṣé ó gbà?"

"Kò gbà."

"Kí ló wá sọ?"

"Kò sọ nǹkan."

Ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Kò fura. Èmi tí n kò fi ohunkóhun pamọ́ fún un rí, ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ jù mí lọ, ṣé kí n bi í léèrè ohun tó tún kù tí n kò mọ̀ ni, kí n sì tìtorí rẹ̀ da ilé rú lásìkò tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Àbí kí n máa gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un, kí n pa ẹnu mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn, nítorí pípa ẹnu mọ́ yìí ti ń mọ́ mi lára.