Ìgò Bíà Tí Mo Dé Pa

Owó tí wọ́n ń ta ìgò bíà kan ní Òrè lónìí, odindi páálí ni ì bá rà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ṣéńjì ì bá sì tún kù tí màá fi jẹ ẹran ìgbẹ́. Mo máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọdé, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ohun tí n kì í sọ fún wọn ni ìdí tí n kò fi fẹnu kan bíà mọ́ láti ayé ìjọba ológun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. A sin Délé ọ̀rẹ́ mi lóṣù tó kọjá, ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́.

Délé ń wa ọkọ̀ gẹdú lọ sí Èkó. Èmi ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì. Ìlú le, owó oṣù kì í jáde, bíà sì di ohun àwátì. Ẹnì kan tí a jọ kàwé, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìpọntí, wá fún mi ní òdòdó gbígbẹ tí wọ́n fi ń mú bíà korò. Họ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é. Bí mo ṣe tú ọ̀rá rẹ̀, ó ta sánsán bí èèpo ọsàn.

Ìyàwó mi kò fẹ́ ọtí nílé nítorí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ilé Délé ni mo ti pọn ọ́n. Mo rẹ ọkà bàbà sómi títí ó fi hù, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo sè é. Mo da họ́ọ̀pù sí i láìṣahun. Nígbà tó tutù, mo fi ìwúkàrà àti omi ọ̀pẹ̀yìnbó tó wá láti ìlú Omifúnfún sí i. Ìyábọ̀, ìyàwó Délé, ló ń bá mi ṣọ́ ìkòkò.

Délé tọ́ ọ wò. Ó fajú ro. “Tíṣà, èyí korò ju ìkéde àwọn sójà lọ.” Ó tún tọ́ ọ wò. “Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀yìnbó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bù sí i.”

Baba mi dá ẹmu títí ó fi kú. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ewé la fi ń dí ẹnu agbè, kí ẹmu lè mí. A kì í dé e pa nígbà tó bá ń hó. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Kérésì ti dé tán, mo sì fẹ́ kí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi rí bíà tó ń yọ ìfófòó. Mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo tún fi ṣúgà sí i, mo fi ìdérí irin dé e pinpin.

“Bọ̀ọ̀dá Tíṣà,” Ìyábọ̀ wí, “ó ṣì ń hó o. Ẹ ò jẹ́ kó sinmi ná?”

Mo ní kó tò wọ́n sí yàrá ẹ̀yìn. Ó tò wọ́n síbẹ̀.

Láàárọ̀ Kérésì, Délé lọ mú ọ̀kan. Ó bú gbàù lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́.

Ìyá rẹ̀ bi mí, èmi tí mo mọ̀wé, pé kí ló fà á. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, “Oòrùn ni, màmá. Ẹnì kan ló gbé e sóòrùn.”

Wọ́n yíjú sí Ìyábọ̀ tó tò wọ́n, ó sì kúnlẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Èmi kọ́ ni mo gbé e síta.”

Mo ń wo ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ nǹkan kan.

Délé kò lè wa ọkọ̀ gẹdú mọ́. Ó ní òun kò lè máa fi ojú kan wo ẹni tó fọ́ èkejì. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti lé Ìyábọ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Agbábù. Èmi ni mo bá Ìyábọ̀ gbé ẹrù rẹ̀ dé ibi ọkọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyábọ̀ wá síbi ìsìnkú Délé lóṣù tó kọjá. Bó ṣe bu iyẹ̀pẹ̀ létí sàréè, ẹ̀gbọ́n Délé obìnrin gbọ̀n ọ́n dànù lọ́wọ́ rẹ̀. “O fọ́ ọ lójú, o tún fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí i?” Ìyábọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ó wá dúró tì mí, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí: “Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, títí dòní, mi ò tíì mọ ẹni tó gbé ìgò yẹn sóòrùn.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé kí n lọ bá a? Kí ni mo fẹ́ fi dípò ilé ọkọ tí mo tú mọ́ ọn lórí?

Délé ti lọ. Ìyá rẹ̀ ti lọ. Ìyàwó mi ti lọ, ẹni tó fún mi ní họ́ọ̀pù náà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n Délé wà, ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Èmi wà. Ìyábọ̀ wà ní Agbábù, ó ṣì ń wá ẹni tó gbé ìgò sóòrùn.