Orin Sílífà Tí Mo Pè Ní Fújì

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin òbí mi tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi láti ọdún méje. Mo ti sunkún lé e lórí nínú àdúrà, mo ti gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, kò kúrò. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi. N kò sọ ọ́ fún ìyá mi. Ohun tí mo gbọ́ níbi fídáù kan lóṣù tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó ṣépè fún mi.

Niamey, olú-ìlú Niger, ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Boukoki. Ìlọrin ni bàbá mi ti wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, nítorí ilé kéwú ni mo ti rí gbogbo ohun tí mo jẹ́ lónìí. Bàbá Àáfà wa ló kọ́ mi ní Lárúbáwá, òun náà ló sì ní kí n má jẹ́ kí Yorùbá sọnù lẹ́nu mi. Orí ẹní kan náà ni èmi àti Sílífà ọ̀rẹ́ mi ti kẹ́kọ̀ọ́. Wàláà kan náà la jọ ń fọ̀.

Nígbà tí a dàgbà, àwa ọmọbìnrin máa ń kọ wákà níbi ìsọmọlórúkọ, àti nígbà tí àwọn alálàájì bá ti Mẹ́kà dé. Sílífà ní ohùn. Èmi ò ní. Àtẹ́wọ́ ni tèmi. A kì í lo ìlù, Bàbá Àáfà kò fẹ́ ẹ. Àtẹ́wọ́ mi ló ń gbé orin náà lẹ́sẹ̀. Mo lè pa á ní méjì-méjì, mo lè pa á wẹ́wẹ́ bí òjò orí páànù. Ṣùgbọ́n bí a bá parí, Sílífà ni wọ́n ń kí. "Ọlọ́hun má gba ohùn yẹn lọ́wọ́ rẹ!" Kò sẹ́ni tó yin àtẹ́wọ́ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo ń wá àwíjàre. Mo jowú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sílífà fúnra rẹ̀ gbé orin kan jáde nípa ikú. Yàrá mi ló ti kọ ọ́, àwa méjì péré, èmi ń pàtẹ́wọ́, a sì gbà á sílẹ̀ sórí fóònù mi. Níbì kan ó ní, "Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn mi sílẹ̀ dè mí, èmi nìkan ni n ó sùn ún." Sàréè ló ń sọ. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà.

Ó ní kí n gbé e lọ fún Bọ̀dá Lásún, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé orin sínú fóònù àwọn èèyàn ní àdúgbò Zongo. Yorùbá wo ni kì í gba orin lọ́wọ́ rẹ̀? Dosíyè wákà, bí àpò tí wọ́n ń kó orin sí, wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, dosíyè fújì wà, ti wáàsí wà. Kì í gbọ́ orin kó tó jù ú síbẹ̀. Ohun tí o bá pè é ni òun náà ń pè é. Mo ní orin Sílífà ni mo gbé wá.

"Àbúrò, kíá, èrò pọ̀. Wákà ni àbí fújì?"

Wákà ni mo fẹ́ sọ. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ní, "Fújì ni."

"Sílífà ọmọ kéwú ń kọ fújì? Háà, ayé ti yí o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Kì í ṣe pé mo ń bú fújì. Àwọn àgbà sọ fún wa pé inú orin tí wọ́n fi ń jí èèyàn ṣe sààrì ló ti jáde. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àwọn ará wa máa ń fetí wá bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í jó sí i. Bí Sílífà bá ń kọjá, wọn a ní, "Onífújì! Ibùsùn ta lo lọ sùn? Ṣé kí n wá bá ọ tún un tẹ́?" Ọ̀rọ̀ sàréè ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀. Sílífà bi mí pé ta ló pè é ní fújì. Mo ní Bọ̀dá Lásún ló ṣì í gbé. Ó gbà mí gbọ́.

Bàbá Àáfà pè wá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó gbé fóònù sórí ẹní, ó tẹ orin náà. Àwọn àgbà mẹ́rin jókòó. Ìyá Sílífà náà wà níbẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ìlù," ni Bàbá Àáfà wí. "Àbí ẹ ò gbọ́ ìlù ni?"

Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ kedere. Ọ̀kan tilẹ̀ ní ìlù méjì ni.

Sílífà kúnlẹ̀. "Bàbá Àáfà, kò sí ìlù níbẹ̀. Àtẹ́wọ́ ni. Ẹ bi ọ̀rẹ́ mi yìí, òun ló pa á."

Gbogbo wọn wò mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ híjáàbù. Mo ní, "N kò rántí mọ́, Bàbá."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. "Sílífà, èmi ni mo bí ọ. Má purọ́ fún àgbà. Etí mi gbọ́ ìlù."

Wọ́n ní kó má kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú mọ́. Èmi ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, èmi náà ló sì ń kọ́ wọn títí dòní. Ẹbí ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ẹ ní Ìlọrin ránṣẹ́ pé àwọn ti jáwọ́. Ó kó lọ sí òdìkejì odò, sí Lamordé, ó ń fọṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Kò kọrin mọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ kò sì bára wọn jẹun mọ́.

Oṣù tó kọjá ni ìyá náà kú. Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, àlejò kan tó ti Kútọnu wá tẹ orin kan lórí fóònù rẹ̀, ó ní wákà ikú tó dùn kan ni. Bí àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. N kò mọ ẹni tó yí orúkọ rẹ̀ padà láti fújì sí wákà.

Bàbá Àáfà ti darúgbó. Nígbà tí orin dé ibi ibùsùn, ó fi etí agbádá nu ojú. "Subhanallahi. Ẹ ò rí i? Kò sí ìlù, kò sí ariwo. Àtẹ́wọ́ lásán, ó sì wọ egungun. Ta ni olóhùn yìí? Ọlọ́hun yóò fi àlùjáńnà kẹ́ ẹ."

Sílífà wà láàárín àwọn obìnrin. Ó gbé orí sókè, ó wò mí. Mo sorí kọ́, mo ń fa tẹ̀sùbáà mi lọ.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ, àwa méjèèjì ń fọ abọ́. Ó ní, "Jẹ́ kí n bi ọ́. Ṣé ìlù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Màámi gbà pé ó wà títí ó fi kú. Èmi náà ti ń gbọ́ ọ."

Ọlọ́hun gbọ́ ohun tí mo dá a lóhùn. Mo ní, "Ó ti pẹ́, Sílífà."

Wọ́n kọ́ wa ní kéwú pé ẹ̀tọ́ ẹ̀dá kì í kúrò lọ́rùn ẹni, bí ẹni tí a ṣẹ̀ kò bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ta ni yóò bá mi bẹ ìyá tó ti wà nínú ilẹ̀? Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀. Ṣé kí n lọ bá Sílífà ní Lamordé, kí n sọ fún òun nìkan? Àbí kí n dìde lójú Bàbá Àáfà àti àwọn ọmọ tí mò ń kọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí Jímọ̀ bá dé tí ẹnu mi tún kọ̀, kí ẹni tó bá mọ Sílífà ka ibí yìí fún un: kò sí ìlù níbẹ̀. Àtẹ́wọ́ mi ni.